Ibi Tí Wọ́n Ń Pè Ní Àṣìjá Láyí

Ẹ̀yin ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wo irú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe láyé, olùkọ́ yín ló wá bá mi nílé pé kí n wá sọ ti iṣẹ́ awakọ̀ fún yín. Mo ní mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé bí àgbà bá jókòó tó ń sọ ìtàn ara rẹ̀, òun náà ló máa ń borí ogun, òun náà ló máa ń pa ẹkùn. Nínú tèmi yìí, èmi kọ́ ni mo pa ẹkùn. Bí ẹ bá gbọ́ ọ tán, tí ẹ sì ní ẹ ò fẹ́ wakọ̀ mọ́, kì í ṣe ẹ̀bi ọkọ̀. Ọkọ̀ kò ṣẹ̀ mí rí.

Fọlárìn ni orúkọ mi. Ìsẹ̀-Èkìtì ni wọ́n bí mi sí, Ìkẹ́rẹ́ ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé mi. Ọkọ̀ èrò ni mo wà, láti Ìsẹ̀ sí Ìkẹ́rẹ́, láti Ìkẹ́rẹ́ sí Èmùré, nígbà mìíràn mo máa ń dé Ìlawẹ̀. Nípa bí mo ṣe rí iṣẹ́ àti ohun tí mo ń gbà, kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bàbá mi mú mi lọ bá ọ̀gá, ọ̀gá wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní kí n gun ẹ̀yìn ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá Súfèé ni gbogbo ayé ń pe ọ̀gá mi, nítorí kì í kígbe. Bí ó bá fẹ́ kí o dìde, yóò súfèé. Bí ó bá fẹ́ kí o mọ̀ pé o ti ṣẹ̀, yóò tún súfèé, èyí yóò sì rẹlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ lọ́rì onípákó, a máa ń rọ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ bí àdán. Ọdún méjì gbáko ni mo fi wà níbẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan sítíárìn. Mo rò pé ọkọ̀ ni mo wá kọ́. Orúkọ ni ọ̀gá kọ́kọ́ kọ́ mi.

Ẹni tí kò bá gbé Ìkẹ́rẹ́ lè rò pé orúkọ tó wà lára pátákó ìjọba ni orúkọ àdúgbò. Irọ́ ni. Ùró, Odò Ọjà, Àfáò, Òkè Ọ̀ṣun, orúkọ ńlá nìyẹn, orúkọ tí ọba àti ìjòyè mọ̀. Kò sí èrò tó máa wọkọ̀ tó máa ní kí o já òun sí Odò Ọjà lásán, àfi àlejò. Ọmọ ìlú á ní kí o já òun sí Ilé Oníbúrẹ́dì. Búrẹ́dì tí wọ́n ṣe kẹ́yìn níbẹ̀, irun ò tíì hù lágbọ̀n mi. Ọmọ ìlú á ní Òpó Wíwọ́. Òpó iná kan ni tírélà kọlù níbẹ̀, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò, wọ́n ti ri òmíràn tó nà ró ṣánṣán, síbẹ̀ Òpó Wíwọ́ ni. Ibì kan tiẹ̀ wà lọ́nà Èmùré tí a ń pè ní Màmá-Ò-Sí-Nílé. Ìyá kan ló ń gbé níbẹ̀ tí kì í fẹ́ rí ẹnikẹ́ni, ìgbàkígbà tí o bá kan ilẹ̀kùn, ọmọ rẹ̀ á kígbe látinú ilé pé, "Màmá ò sí nílé!" Ìyá náà ti lọ sọ́run, lóòótọ́ kò sí nílé mọ́, ṣùgbọ́n ẹ wọkọ̀ lónìí, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é.

Àwọn tó bá ti Èkó tàbí Ìbàdàn dé yóò ní Ìdí Ìṣin. A óò rẹ́rìn-ín sí wọn. Ìdí Uṣin là ń pè é. Èmi àti ọ̀gá la jọ máa ń rẹ́rìn-ín ọ̀hún, kí n tó wá fi orúkọ yìí dá wàhálà sílẹ̀ fún ara mi.

Láràárọ̀, kí n tó fẹnu kan oúnjẹ, ọ̀gá á ní kí n ka orúkọ ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró, láti Ìsẹ̀ dé Ìkẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà kí n kà á padà láti Ìkẹ́rẹ́ sí Ìsẹ̀. Bí mo bá fo ẹyọ kan, oúnjẹ di ọ̀sán. Ọjọ́ kan, ìyá arúgbó kan wọkọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n uṣu, ó ní Òpó Wíwọ́ ni. Mo ti ń bá ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣeré, n kò kan ara ọkọ̀ kí ọ̀gá dúró. A ti kọjá tó ibùsọ̀ kan kí màmá tó pariwo. Ọ̀gá dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ màmá, ó wá yíjú sí mi. Kò nà mí. Ó ní:

"Gbé agbọ̀n màmá rù."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kúkú fi ọkọ̀ dá wọn padà."

Ó súfèé. Mo gbé agbọ̀n rù. Mo rin ọ̀nà náà padà nínú oòrùn, màmá ń rìn níwájú mi, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bíi pé ọmọ rẹ̀ ni mí, ojú sì ń tì mí. Nígbà tí mo padà dé gáréèjì nírọ̀lẹ́, ọ̀gá ń dúró dè mí.

"Fọlá," ó ní, "bí èrò bá dárúkọ ibì kan fún ọ, má dáhùn pé o ti mọ̀ ọ́n. Bi í pé ilé ta ló ń lọ. Orúkọ kan lè jẹ́ ti ibi méjì, ti ibi mẹ́ta. Èrò kì í wá ibì kan. Èèyàn ló ń wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ etí mi. Mo fi ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀, mo sì kọ́ àwọn tó wá lẹ́yìn mi. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo pa á tì.

Nígbà tí mo gba òmìnira, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wa Píjò fún ọlọ́kọ̀ kan. Ọkọ̀ méjì ló ní, méjèèjì pọ́n bí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá gbẹ. Èmi ni mo wa ọ̀kan, Ọláyíwọlá ló wa ìkejì. Láyí là ń pè é. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bí ó bá ń rẹ́rìn-ín á máa fọwọ́ bo ẹnu bí obìnrin. A jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Nígbà tí mo fẹ́yàwó, òun ló gbé ẹbí mi láti Ìsẹ̀ wá sí Ìkẹ́rẹ́, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọkọ̀ náà yàtọ̀ sí wọn.

Ẹ jẹ́ kí n dé ibẹ̀ wàyí. Mo ti ń yí i po.

Ìyàwó mi bí ọmọkùnrin, àkọ́bí wa. Ó di ọjọ́ karùn-ún tí ó bímọ. Mo wà ní gáréèjì Ìsẹ̀ lọ́sàn-án, mo wà nípò kẹta lórí ìlà, Láyí ló wà níwájú. Orúkọ rẹ̀ ni akọ̀wé gáréèjì ti kọ sínú ìwé pé òun ló ń gbéra. Láyí rí bí mo ṣe ń wo oòrùn. Ó kọjá wá sọ́dọ̀ mi.

"Ọkàn rẹ ò sí níbí," ó ní.

"Ọmọ ni mo fẹ́ lọ rí."

"Wọ ipò mi. Gbé èrò mi. Èmi á dúró de tìrẹ."

"Akọ̀wé ti kọ orúkọ rẹ."

"Ìwé ló ń wakọ̀ ni? Lọ rí ọmọ rẹ, ọ̀rẹ́ mi."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbéra. Èrò mẹ́fà ló wà nínú ọkọ̀. Ẹ̀yìn pátápátá ni obìnrin kan jókòó sí, ó ti abúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀rùn wá, ó gbé ọmọ sí àyà. Ọmọ náà ń gbóná, obìnrin náà ò jẹ́ kí aṣọ kúrò lára rẹ̀. Kí a tó wọ Ìkẹ́rẹ́, ó na ọwọ́ láti ẹ̀yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, dírẹ́fà, Ìdí Uṣin ni mo ń lọ o. Ẹ má jẹ́ kí n kọjá ibẹ̀."

Mo ní, "Mo ti gbọ́."

Ìdí Uṣin méjì ló wà ní Ìkẹ́rẹ́ nígbà náà. Àkọ́kọ́ wà ní ẹnu ọ̀nà ìlú, lẹ́bàá sọ́míìlì tí wọ́n ti ń la pákó. Wọ́n ti gé ugi uṣin ibẹ̀ kúrò, kò sí ilé tó pọ̀. Ìkejì wà nínú ìlú lọ́hùn-ún, níbi tí nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ti ń tọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́. Ọjọ́ ọjà ni, mo sì mọ̀ pé bí mo bá wọ inú ìlú, ọkọ̀ á há. Bí mo bá já obìnrin náà sí ẹ̀bá sọ́míìlì, tí mo sì yà gba ọ̀nà ẹ̀yìn, kò ní pẹ́ tí mo máa fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi.

N kò bi í pé ilé ta ló ń lọ. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín, kì í ṣe pé mo gbàgbé. Abiyamọ tó gbé ọmọ gbígbóná wá láti oko, kí ló fẹ́ wá ṣe ní sọ́míìlì? Ọkàn mi sọ ọ́ fún mi. Mo pa á lẹ́nu mọ́. Bí mo bá bi í, á dáhùn, bí ó bá sì dáhùn, mo gbọ́dọ̀ wọ inú ìlú.

Mo ní, "Ìdí Uṣin rè é."

Ó sọ̀. Nígbà tí mo gbéra, mo rí i nínú jígí. Ó dúró sí etí ọ̀nà, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tí kò mọ ibẹ̀ rí. Mo rí i. Mo sì ń lọ.

Àwọn tó ń la pákó ló tọ́ka ọ̀nà fún un. Ó sáré títí. Wọ́n ní gìrì ti mú ọmọ náà kí ó tó rìn dé ìdajì ọ̀nà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ̀mí ti bọ́ lára ọmọ náà. Nọ́ọ̀sì ní ká ní ó tètè dé ni. Bùnmi ni orúkọ ọmọ náà. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gbé e. Mo ń gbé tèmi jó nílé lákòókò yẹn gan-an.

Lọ́jọ́ kejì ni bàbá ọmọ náà àti àwọn àbúrò rẹ̀ ya bo gáréèjì Ìsẹ̀. Ìyá ọmọ wà nílẹ̀ nílé, kò lè dìde. Ohun tó sọ fún wọn ni pé ọkọ̀ pupa ni, dírẹ́fà sì dé fìlà funfun. Gbogbo wa la ń dé fìlà funfun. Èrò márùn-ún yòókù ti túká. Alága gáréèjì ní kí wọ́n gbé ìwé wá. Akọ̀wé ṣí i, ó ka orúkọ Láyí.

Láyí rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu. Kò tíì mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tóbi tó. Ó ní, "Rárá o. Èmi kọ́. Mo fún Fọlá ní ipò mi kí ó lè lọ rí ọmọ rẹ̀." Ó yíjú sí mi. "Fọlá, sọ̀rọ̀."

Gbogbo ojú yí sí mi. Bàbá ọmọ náà mú àdá dání. Mo ronú ọmọ ọjọ́ mẹ́fà tó wà nílé, tí a ò tíì sọ lórúkọ.

Mo ní, "Mi ò rántí pé Láyí fún mi ní ipò kankan."

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ kò ju ìyẹn lọ. Láyí wò mí. Kò bú mi, kò búra, kò pe ẹlẹ́rìí. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tí ó ń dúró kí n parí gbólóhùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú, àwọn awakọ̀ sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Èmi náà wà lára àwọn tó gbà á. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì fà á jáde láàárín wọn, ó sì já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi.

Alága lé e kúrò ní gáréèjì. Ọlọ́kọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti kó ìyàwó àti ọmọ lọ sí Òmùò, ìlú àna rẹ̀, ó lọ ń dáko. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi kò tiẹ̀ fọ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ẹlòmíràn ló tẹ èéfọ́ rẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí, bóyá ǹ bá ti gbàgbé. Wọ́n ní ẹni tó ṣu máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé. Ìlú Ìkẹ́rẹ́ ni kò jẹ́ kí n gbàgbé. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin kan tó gbé àpò gààrí wọkọ̀ mi. Bí a ṣe ń wọ ìlú, ó ní:

"Àṣìjá Láyí wà o."

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Dírẹ́fà, Àṣìjá Láyí! Ẹ̀bá sọ́míìlì yẹn."

Ẹsẹ̀ mi wá búrékì fúnra rẹ̀. Mo bi í pé, "Ta ló ń pe ibí bẹ́ẹ̀?"

Ó ní, "Gbogbo èèyàn. Ibẹ̀ ni dírẹ́fà kan tí wọ́n ń pè ní Láyí ti ṣi ìyá ọlọ́mọ já."

Mo ti sọ fún yín bí orúkọ ṣe máa ń rí nílùú wa. Ojú tó rí nǹkan ló ń sọ ibẹ̀ lórúkọ, ẹnu tó ń pè é ni kì í jẹ́ kó kú. Láti ọjọ́ yẹn títí mo fi fi ọkọ̀ sílẹ̀, kò sí ọjọ́ tí mo ṣiṣẹ́ tí n kò gbọ́ ọ. Èmi fúnra mi ń pè é. Ṣé kí n má pè é ni? Èrò á bọ́ọ́lẹ̀ níbi tí kò yẹ. Mo máa ń kígbe pé, "Àṣìjá Láyí!" èrò á sì ní, "Ó wà o." Mo ń fi orúkọ ọ̀rẹ́ mi pe ẹ̀ṣẹ̀ mi, mo sì tún ń gba owó ọkọ̀ lé e. Nígbà tí a bá dé ibẹ̀, mi ò kì í wo jígí.

Iṣẹ́ ń yí padà lójú mi. Lọ́rì onípákó kásẹ̀ nílẹ̀, Píjò darúgbó, bọ́ọ̀sì Jàpáànù dé, ọ̀kadà dé, Márúwá dé. Ọ̀kadà ló kọ́kọ́ ba ìmọ̀ orúkọ jẹ́, nítorí ó lè gbé èèyàn dé ẹnu ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni fóònù dé. Ọmọ mi, ọmọ ọjọ́ karùn-ún ọjọ́sí, ti di ọkùnrin, Èkó ló ń gbé, ó máa ń wá ní òpin ọ̀sẹ̀. Ó ra ọkọ̀, ó gbé mi jókòó síwájú, ó tan fóònù, obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ pé ká yà sí òsì. Obìnrin náà pe Àfáò bíi pé ó ń sín. Mo rẹ́rìn-ín. Mo bi ọmọ mi bóyá obìnrin náà mọ Màmá-Ò-Sí-Nílé. Ó ní kò mọ̀ ọ́n. Inú mi dùn. Ó wá ní:

"Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí, Bàbá. Wọ́n ti kọ Àṣìjá Láyí sí i." Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ta ni Láyí yìí gan-an?"

Mo ní oorun ń kùn mí. Nínú gbogbo orúkọ tí ẹnu àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ dá sílẹ̀, èyí ni wọ́n mú lọ sójú ayé.

Ojú mi kò ríran dáadáa mọ́, mo fi ọkọ̀ sílẹ̀. Mo rò pé ó ti parí. Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọbìnrin kan wọlé, ó kúnlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, Tọ́pẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́.

"Bàbá, wọ́n ní kò sí ibi tí ẹ ò mọ ìdí orúkọ rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́. Mo fẹ́ béèrè Àṣìjá Láyí."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ibẹ̀ ni mo háyà yàrá sí. Nígbà tí mo sọ orúkọ ibẹ̀ fún bàbá àgbà mi lórí fóònù, wọ́n pa fóònù. Nígbà tó yá wọ́n pè padà, wọ́n ní kí n kó kúrò níbẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò, wọ́n sọ fún mi pé dírẹ́fà kan ló pa ọmọ ọlọ́mọ." Ó mí kanlẹ̀. "Ọláyíwọlá ni orúkọ bàbá àgbà mi. Òmùò ni wọ́n wà. Bàbá, ṣé àwọn ni?"

Ẹ wò ó, àyè tún ṣí sílẹ̀ fún mi láti parọ́. Ẹnu mi ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Ọjọ́ ti pẹ́, ọmọ mi, mi ò fi bẹ́ẹ̀ rántí..." Mo gbọ́ ohùn ara mi. "Mi ò rántí" kan náà ni. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, mo sì rí i pé ó ti bá mi, ó sì kúnlẹ̀ síwájú mi, ó ń pè mí ní bàbá.

Mo ní, "Dìde. Má kúnlẹ̀ fún mi." Mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Kò sunkún. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ẹ wá sọ fún wọn fúnra yín."

Oko ẹ̀gẹ́ ni a bá Láyí ní Òmùò. Irun rẹ̀ ti funfun, ó ṣì tẹ́ẹ́rẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí ebè. Kò ní kí n dìde, kò sì ní kí n dùbúlẹ̀.

"O wá," ó ní.

"Mo wá, Láyí."

"Mo retí rẹ fún ọdún mẹ́wàá. Nígbà tó yá, mo ṣíwọ́."

Mo ní, "Dárí jì mí."

"Ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ gbọ́. Kí lo fẹ́ ṣe?"

Ó fi ẹ̀gẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Gáréèjì Ìsẹ̀ ni o ti bà mí jẹ́, lọ́sàn-án gangan, lójú gbogbo èèyàn. Lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án. Lẹ́yìn náà, lọ bá ìyá ọmọ yẹn. Ohun tí o bá fẹ́ bá mi sọ lẹ́yìn ìyẹn, wá sọ ọ́."

Mo lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ló kún gáréèjì, ọ̀pọ̀ wọn ni a ò tíì bí nígbà náà. Alága, tó lè jẹ́ ọmọ mi, pè wọ́n jọ nítorí irun orí mi. Mo dúró láàárín wọn, mo sọ ọ́. Àwọn kan ń wo fóònù. Àwọn kan ń wo ẹsẹ̀ mi.

Alága ní, "Bàbá, gbogbo àwọn tó dá ẹjọ́ náà ti kú."

Mo ní, "Èmi ò tíì kú. Láyí ò tíì kú."

Abúlé ẹ̀gbẹ́ Ọ̀rùn, níbi tí ìyá ọmọ náà wà, ló le jù. Ìyá Bùnmi ti darúgbó, ó ti bí ọmọ mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn. Ó ń sá kòkó níwájú ulé. Ó gbọ́ mi tán, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò nínú kòkó náà.

Ó ní, "Ọkùnrin yẹn ni mo ń ṣépè fún láti ọjọ́ yìí wá. Nínú àdúrà ni o. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì." Ó fọwọ́ tú kòkó náà ká. "Ọmọ mi ò ní tìtorí ohun tí o sọ jí. Ṣùgbọ́n o ti jẹ́ kí n ṣẹ̀ sí ẹni tí kò ṣẹ̀ mí. Máa lọ. Má padà wá síbí."

Mi ò tíì padà síbẹ̀.

Alága gbìyànjú. Ó ní kí àwọn awakọ̀ máa pe ibẹ̀ ní Sọ́míìlì. Wọ́n pè é fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ kan tó ń wa Márúwá wá bá mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ máà bínú, èrò ò mọ Sọ́míìlì." Ó tọ̀nà. Mo wá bẹ̀ wọ́n pé bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ pè é ní àṣìjá, kí wọ́n fi orúkọ mi sí i, Àṣìjá Fọlá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àgbàlagbà fẹ́ di olókìkí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá fẹ́ wakọ̀, ẹ wà á. Iṣẹ́ tó níyì ni. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ọkọ̀ ni ẹ máa fi ṣe èèyàn ní ibi jù. Mo wakọ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò gbá ẹnikẹ́ni rí.

Lóṣù tó kọjá, Tọ́pẹ́ parí ìwé rẹ̀. Ó pè mí pé bàbá àgbà òun ń bọ̀ wá bá òun yọ̀, pé wọ́n ti kúrò ní Òmùò. Kò ní kí n wá. Mo lọ dúró pẹ̀lú rẹ̀ sí etí ọ̀nà, nítòsí yàrá tó háyà. Nígbà tó di ọwọ́ ọ̀sán, ọkọ̀ kan ń bọ̀, mo sì gbọ́ dírẹ́fà tó ń kígbe látinú rẹ̀.

"Àṣìjá Láyí! Ẹni tó ń sọ̀ ní Àṣìjá Láyí!"

Ohùn kan dáhùn láti ẹ̀yìn, ohùn tí mo mọ̀. "Ó wà o."

Dírẹ́fà ní, "Ẹ rọra, Bàbá." Láyí sọ̀ kalẹ̀. Mo na ọwọ́ sí báàgì rẹ̀. Ó gbé e fún Tọ́pẹ́. Ó kí mi, mo dáhùn. Ọkọ̀ lọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo àwọn ilé tí wọ́n ti kọ́ síbi tí sọ́míìlì wà nígbà kan.

"Fọlá," ó ní, "ṣé ibí lo já a sí?"

"Ibí ni."

Ó mi orí.

"Ní gbogbo ìgbà tí mo fi wakọ̀," ó ní, "mi ò já èrò kankan síbí rí."

Ó di ọwọ́ Tọ́pẹ́ mú, wọ́n sì kọjá síwájú. Mo tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.